Ìrẹsì Inú Ewé: Ìtàn Nasi Bakar ti Indonéṣíà

Bí ènìyàn bá ń kọjá nídìí àtẹ olóúnjẹ ní Bandung tàbí Jakarta nírọ̀lẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ ta á nímú kì í ṣe òórùn ìrẹsì. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná ń rà ni. Lórí ààrò èédú, àwọn ìdì gbọọrọ tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ̀yìn wọn ti ń dúdú, àwọn ṣáṣá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ẹnu wọn pa ti ń rú èéfín. Nasi bakar ni wọ́n ń pè é. Nasi ni ìrẹsì tó ti jinná. Bakar ni kí a fi iná sun nǹkan. Orúkọ náà kò ní àdììtú nínú: ìrẹsì sísun ni.

Bí o bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á léèrè, wọ́n á ní oúnjẹ àwọn baba ńlá àwọn ni. Àwọn tó ń kọ ìtàn oúnjẹ sílẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni oúnjẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde. Òótọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Orúkọ ló jẹ́ tuntun. Ewé, ìrẹsì, àgbọn àti iná ti wà ní erékùṣù Jáfà kí ọba kankan tó jẹ níbẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ sì ni wọ́n ti ń di ìrẹsì sínú ewé fún ẹni tó fẹ́ kúrò nílé: àgbẹ̀ tó ń lọ oko, jagunjagun tó ń lọ ogun, ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú lọ síbi iṣẹ́. Bí a bá tẹ̀lé ìdì náà, ẹsẹ̀ wọn la ó máa tọ̀.

Ewé ni ẹ̀gbọ́n

Nínú gbogbo ohun tó pàdé nínú ìdì yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ọwọ́ ènìyàn ní agbègbè náà. Ní àfonífojì Wahgi, láàárín àwọn òkè Papua New Guinea, ilẹ̀ àbàtà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kuk. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó gbẹ́ ibẹ̀ rí i pé ó ti tó 6,500 ọdún, ó sì ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ àti láti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí rẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ káyé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ilẹ̀ Yorùbá, ìrìn àjò yẹn náà ló bá dé. Ọ̀nà tó gbà ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan ní àwọn atukọ̀ tó ti Borneo wá tẹ Madagásíkà dó ló gbé e wọ Áfíríkà. Títí di òní, kò sí èdè tó bá èdè àwọn ará Madagásíkà tan tó ti àwọn Ma'anyan, àwọn ènìyàn gúúsù Borneo. Àwọn mìíràn ní ó ti dé kí àwọn yẹn tó dé, nítorí pé ní Nkang, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, wọ́n hú àmì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ tí wọ́n ní ó ti lé ní 2,000 ọdún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan kò sì gba àmì náà gbọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ìyá tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ìdí ìkòkò mọ́ínmọ́ín níhìn-ín àti ìyá tó ń fi í di ìrẹsì ní Jáfà, ewé ìdílé kan náà ni wọ́n ń já.

Ìdodo Dewi Sri

Lórí bí ìrẹsì ṣe dé, ẹnu àgbà àti ìwé onímọ̀ kò bára mu rárá. Àwọn Sunda, àwọn tó ni ìwọ̀ oòrùn Jáfà, máa ń sọ ìtàn Anta, òrìṣà tó ní ara ejò, tí kò ní ọwọ́, tí kò ní ẹsẹ̀. Nígbà tí Batara Guru, olórí àwọn òrìṣà, pàṣẹ pé kí oníkálukú gbé òkúta wá fún kíkọ́ ààfin, Anta kò rí ọwọ́ gbé e, ni ó bá bú sẹ́kún. Omijé rẹ̀ di ẹyin, inú ẹyin kan sì ni ọmọbìnrin kan ti jáde. Ẹwà ọmọ náà pọ̀ débi pé ó fẹ́ da àwọn òrìṣà rú, ni wọ́n bá fi májèlé pa á, wọ́n sì sin ín síbi tó jìnnà. Láti ibi orí rẹ̀ ni àgbọn ti hù. Láti ibi itan rẹ̀ ni ọparun ti hù. Láti ibi ìdodo rẹ̀ ni ìrẹsì ti hù. Dewi Sri nìyẹn, ìyá ìrẹsì. Àwọn Sunda tún ń pè é ní Nyi Pohaci.

Àwọn onímọ̀ ní tiwọn ní inú ọkọ̀ ojú omi ni ìrẹsì ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀bá odò Yangtze ní Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Austronesian gbé e kúrò ní Taiwan, wọ́n gba Philippines wá, ó sì ti dé Minanga Sipakko, ní ìwọ̀ oòrùn Sulawesi, ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn. Kò sì jọba lọ́jọ́ tó dé. Isu, kókò, sago àti ọkà wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń jẹ nígbà náà. Ohun tó gbé ìrẹsì lékè ní Jáfà ni ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín, tí eérú rẹ̀ ń sọ ọ́ di ọlọ́ràá, àti omi òkè tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí láti orí ebè kan bọ́ sórí èkejì. Oko alómi yìí ni wọ́n ń pè ní sawah. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá sawah ṣe; ó gba àdúgbò, ó gba àdéhùn lórí omi, nígbà tó sì yá, ó gba ọba.

Àká ọba, oúnjẹ ìsáǹsá

Láti ọ̀rúndún kẹjọ dé ìkẹwàá ni ìjọba Mataram àtijọ́ fi lágbára ní àárín gbùngbùn Jáfà. Lára ògiri Borobudur, tẹ́ńpìlì ńlá tí wọ́n kọ́ nígbà náà, wọ́n gbẹ́ àwòrán àká ìrẹsì àti ti eku tó ń ba ìrẹsì jẹ́. Nínú àwọn òkúta àti bàbà tí wọ́n kọ àṣẹ ọba sí, ìrẹsì wà lára oúnjẹ àsè. Skul ni wọ́n pè é. Títí di òní, bí ọmọ Jáfà bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kò ní pe ìrẹsì ní sego bí ìgbà tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Sekul ni yóò wí, ọ̀rọ̀ inú òkúta yẹn gan-an.

Ìwé àṣẹ kan tí wọ́n kọ ní 1294 fi hàn wá bí ìrẹsì àgbẹ̀ ṣe gba ọba là. Lọ́dún 1292, ọlọ̀tẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jayakatwang kọlu ìlú Singhasari, ó sì pa ọba rẹ̀, Kertanagara. Raden Wijaya, àna ọba, sá wọ igbó pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn tó kù sí i lọ́wọ́. Baálẹ̀ abúlé Kudadu ló fi wọ́n pamọ́, ó sì fún wọn lóúnjẹ àti omi mu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun Kublai Khan, ọba àwọn Mongol, gúnlẹ̀ sí Jáfà. Wijaya lò wọ́n láti fi pa Jayakatwang run, ó wá yí padà, ó lé àwọn náà wọkọ̀, ó sì dá ìjọba Majapahit sílẹ̀. Nígbà tó gorí ìtẹ́, kò gbàgbé Kudadu: ó dá abúlé náà sílẹ̀ lómìnira owó orí, ó sì kọ ọ́ sára bàbà.

Ma Huan, ará Ṣáínà tó bá àwọn ọkọ̀ Zheng He, ọ̀gá atukọ̀ ọba wọn, wá sí Jáfà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kọ̀wé pé ìrẹsì ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún níbẹ̀, àti pé ọwọ́ lásán ni àwọn ènìyàn fi ń jẹun, láìlo ṣíbí tàbí igi ìjẹun. Ojú ẹ̀gàn ló fi wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹun nínú ewé kò ní àwo tí yóò fọ̀, kò sì ní ẹrù tí yóò rù padà sílé.

Àáfà tó hun ewé àgbọn

Nígbà tí Majapahit ń rẹ̀yìn, tí àwọn ìlú etíkun bíi Demak ń gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ìdì mìíràn gbajúmọ̀: ketupat, ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ọ̀mùnú ewé àgbọn tí wọ́n hun bí àpò kékeré. Àwọn àgbà Jáfà ní Sunan Kalijaga ló kọ́ wọn. Ọ̀kan ni nínú àwọn àáfà mímọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Wali Songo. Wọ́n ní kupat, orúkọ rẹ̀ lédè Jáfà, ti inú ọ̀rọ̀ náà ngaku lepat wá, èyí tí í ṣe "mo gbà pé mo jẹ̀bi". Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò fi ń fi í ránṣẹ́ sí aládùúgbò nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, tí wọ́n sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àáfà náà lè ti fún un ní ìtumọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé òun ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀rí wọn ni Bali. Ẹ̀sìn Híńdù ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń ṣe níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń hun irú àpò kan náà, tipat, láti fi rúbọ. Ó jọ pé Dewi Sri ni wọ́n ti ń hun ún fún kí àáfà tó dé. Ẹ̀sìn yí padà. Ewé kò yí padà.

Ata àti ebi

Lọ́dún 1511, àwọn Pọtogí gba Malacca. Láàárín ọ̀rúndún yẹn ni ata, èso Amẹ́ríkà, bá ọ̀nà òwò wọn wọ àwọn erékùṣù yìí. Kí ata tó dé, ata ilẹ̀ àti iyèré ni wọ́n fi ń mú kí ọbẹ̀ ta lẹ́nu. Ẹni tó bá ń sọ pé sambal, ata lílọ̀ wọn, ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, kí ó rántí pé ata inú rẹ̀ kò tíì ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ ní Jáfà.

Lẹ́yìn àwọn Pọtogí ni àwọn ará Nẹ́dálándì dé. Ilé iṣẹ́ òwò wọn, VOC, bẹ̀rẹ̀ ní 1602. Ní 1619, gómìnà wọn, Jan Pieterszoon Coen, jó ìlú Jayakarta, ó sì kọ́ Batavia sórí eérú rẹ̀. Sultan Agung, ọba Mataram tuntun láti 1613 dé 1645, kò lè fojú rere wo odi àjèjì ní erékùṣù tirẹ̀. Ó rán ogun lọ ní 1628. Wọn kò ṣe àṣeyọrí. Ààfin rẹ̀ jìnnà sí Batavia tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé oúnjẹ tí ọmọ ogun rù kúrò nílé tán kí ogun tó gbóná. Ní 1629, ọba fi ọgbọ́n kún un: ó ní kí wọ́n kó ìrẹsì pamọ́ sí etíkun, ní Tegal àti Cirebon. Ọ̀rọ̀ náà ta sí àwọn ará Nẹ́dálándì létí, ọkọ̀ wọn lọ síbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ìrẹsì náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Coen fúnra rẹ̀ kú nínú odi nígbà ìdótì náà, síbẹ̀ odi kò wó, nítorí àwọn tó wà lóde kò rí nǹkan jẹ.

Ohun tí ìwé àwọn ará Nẹ́dálándì sọ nìyẹn. Babad Tanah Jawi, ìwé ìtàn àwọn ọba Jáfà, kò gbà pé wọ́n ṣẹ́gun Sultan Agung. Ó ní ọba fúnra rẹ̀ ló pe ogun padà, nítorí òwò lásán ni àwọn àjèjì náà wá ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ọba fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn: lẹ́yìn ogun náà, wọ́n ṣí oko ìrẹsì sílẹ̀ ní Karawang, nítòsí Batavia, kí ogun tó bá tún ń bọ̀ lè rí oúnjẹ lọ́nà. Batavia kò bọ́ sọ́wọ́ Mataram láéláé. Karawang kò sì yéé jẹ́ àká ìrẹsì ìwọ̀ oòrùn Jáfà títí di òní.

Ìdì àwọn tí wọ́n fi tipá mú

Lọ́dún 1808, Herman Willem Daendels dé gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Ìjọba Nẹ́dálándì tó wà lábẹ́ Faransé ló rán an kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má baà gba Jáfà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n la títì láti Anyer dé Panarukan, nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Àwọn ará abúlé ni wọ́n fi tipá mú ṣe é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì kú sídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 1811, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Jáfà náà ni.

Ní Cirebon, ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ní nasi jamblang ti ṣẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n di sínú ewé igi tíìkì. Wọ́n ní àwọn ará abúlé Jamblang ló ń sè é fún àwọn tó ń la títì. Ewé tíìkì ni wọ́n lò nítorí pé ìrẹsì kì í tètè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìlú náà ní kì í ṣe títì, pé ilé iṣẹ́ ṣúgà àwọn ará Nẹ́dálándì ní àgbègbè Palimanan ló bí i ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Ìtàn méjèèjì kò gba ọdún kan náà, ṣùgbọ́n irú ènìyàn kan náà ni wọ́n ń sọ pé ó ń jẹ ẹ́: alágbàṣe tí ilé rẹ̀ jìnnà, tí kò sì sí níbẹ̀ nítorí pé ó wù ú.

Nígbà tó yá, àwọn ará Nẹ́dálándì gba Jáfà padà. Ogun tí Diponegoro, ọmọ ọba Jáfà kan, gbé dìde sí wọn láti 1825 dé 1830 fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àpò ìjọba Nẹ́dálándì di òfìfo. Gómìnà tuntun, Johannes van den Bosch, wá gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1830: kí abúlé kọ̀ọ̀kan ya ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrèké, ẹ̀lú, kọfí àti irú wọn, tí ìjọba yóò tà lókè òkun. Lórí ìwé, ìdá kan péré ni. Lóko, ìrèké ń bá ìrẹsì du ilẹ̀ alómi kan náà, ó ń bá a du omi kan náà, ọwọ́ àgbẹ̀ kan náà ló sì ń ṣe méjèèjì. Ìyàn mú ní Cirebon láàárín àwọn ọdún 1840, ó sì mú ní Demak àti Grobogan ní 1849 sí 1850. Àwọn tó ń gbin oúnjẹ ni ebi pa, nígbà tí ṣúgà ń wọkọ̀ ní èbúté.

Láti ọwọ́ Jàpáánì dé orí èédú

Àwọn ará Jàpáánì gba Jáfà ní 1942, wọ́n sì ń fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ọmọ ogun wọn. Ní 1944 àti 1945, ebi pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kú; iye wọn ni àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lé lórí, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á. Ìran tó gba òmìnira ní 17 oṣù kẹjọ 1945 ti mọ ohun tí àìrí ìrẹsì túmọ̀ sí. Nígbà tí Soekarno, ààrẹ àkọ́kọ́, ń fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lélẹ̀ ní Bogor ní 1952, ó ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè tàbí ikú fún orílẹ̀-èdè náà. Ó tún ní kí wọ́n kó ọ̀nà oúnjẹ síse gbogbo erékùṣù jọ sínú ìwé kan, Mustikarasa, tó jáde ní 1967.

Soeharto tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ fi irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ àti omi tí wọ́n ń darí wọ oko mú kí ìrẹsì pọ̀ sí i. Ní 1984, ó kéde pé Indonéṣíà ti ń bọ́ ara rẹ̀ ní ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ní 1997, ọ̀dá dé, owó rupiah sì já bọ́: dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 2,400 rupiah ju 15,000 lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó ìrẹsì fò sókè, wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ dànù, ìgboro dàrú, Soeharto sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 21 oṣù karùn-ún 1998. Ọ̀pọ̀ ẹni tó pàdánù iṣẹ́ ọ́fíìsì gbé ìkòkò jáde sí etí títì, wọ́n ta àgọ́ onítapólì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ.

Ìrẹsì dídín àti ìrẹsì inú bébà ni ọ̀pọ̀ àtẹ fi bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà àti bébà ti lé ewé kúrò ní ìlú ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn èrò yà sọ́dọ̀ òun ní láti ní òórùn tó ń pè wọ́n. Láàárín àsìkò yẹn ni nasi bakar jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e léná kò fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn Sunda ní nasi timbel àwọn ni wọ́n gbé lé èédú, ìrẹsì gbígbóná tí àgbẹ̀ máa ń ká sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí oko. Àwọn ará àárín Jáfà ní arem-arem tiwọn ni, ìdì ìrẹsì tó ní ọbẹ̀ nínú. Pepes náà kò ṣeé yọ sílẹ̀, ẹja inú ewé tí wọ́n ti ń yan látọjọ́ pípẹ́. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, a ó rí i pé gbogbo wọn ló dá owó sí i.

Wọ́n á kọ́kọ́ se ìrẹsì nínú wàrà àgbọn, pẹ̀lú iyọ̀, ewé igi kan tí wọ́n ń pè ní salam, àti koríko ọba tí wọ́n fi ìdí ọ̀bẹ lù, títí yóò fi fa omi náà tán láìtíì jinná. Wọ́n á wá kó o sínú kukusan, apẹ̀rẹ̀ ọparun oníṣóńṣó ìdí, kí oru omi híhó parí ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò mànàmáná ti gba iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ilé. Lórí ọlọ òkúta, wọ́n á lọ àlùbọ́sà kéékèèké, aáyù, ata àti kemiri, èso kan tó lọ́ràá bí ẹ̀pà; wọ́n á dín in títí òórùn tútù rẹ̀ yóò fi lọ. Adìẹ tí wọ́n ti fà wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé e, tàbí teri, ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀. Kemangi, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí efinrin, ló ń kẹ́yìn, nítorí ooru tètè máa ń pa òórùn rẹ̀.

Ewé pisang batu ni wọ́n fẹ́ràn jù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí inú èso rẹ̀ kún fún kóró tó le, nítorí pé ewé rẹ̀ kì í tètè ya. Wọ́n á gbé e gba orí iná kọjá. Bó bá ti ń dán, ó ti rọ̀ nìyẹn. Ìrẹsì, ọbẹ̀, ìrẹsì. Wọ́n á ká a, wọ́n á pa ẹnu rẹ̀ méjèèjì dé, wọ́n á fi lidi gún un, ṣáṣá àárín ewé àgbọn. Ohun gbogbo ti jinná kí ó tó kan èédú. Ewé ni iná ń bá jà, kí ewé lè tú ohun tó wà lára rẹ̀ sínú ìrẹsì. Àwa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Níhìn-ín, ìrẹsì ló ń pẹ́ lára ewé.

Ẹni tó ní oúnjẹ baba ńlá ni kò purọ́, ẹni tó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò purọ́. Ohun tó jẹ́ tuntun gan-an nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ lónìí kò sá ogun, wọn kò sì mú un lọ la títì. Ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ gbádùn. Bó bá sì wù ọ́ láti dán an wò, o kò ní láti wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ewé wà lẹ́yìn ilé, efinrin wà lọ́jà, èédú wà lọ́wọ́ ìyá aláàgbàdo. Ní ti ṣáṣá tí ìwọ yóò fi gún un, ìgbálẹ̀ tuntun ni kí o ti fà á.